Ọ̀wẹ̀ Òdòdó Bàbá Àdìgún

Bí ẹ bá ń wá ọkùnrin tó fẹ́ràn òdòdó ju oúnjẹ lọ ní gbogbo Newtown nílùú Accra, Àdìgún oníṣòó ni kí ẹ béèrè. Ìṣó, àgádágodo àti ìdè ilẹ̀kùn ló ń tà lọ́jà Makola, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀ ìṣó, ìdáhùn ṣókí ni ẹ óò gbà. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ òdòdó wò ná! Yóò fa àga fún yín, yóò ní kí wọ́n bu omi tútù wá, ẹsẹ̀ yín á sì ti kú kí ẹ tó rí àyè dìde.

Ìdí ògiri ilé tó kọ́ fúnra rẹ̀ ni àwọn igi náà tò sí, láti ẹnu géètì títí dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Láálì wà níbẹ̀, tí òórùn òdòdó rẹ̀ máa ń gba gbogbo àdúgbò. Èyí tí òdòdó rẹ̀ pupa, tó ń la ẹnu gbàgà bí ẹni tó fẹ́ kọrin, òun náà wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ga ju ènìyàn lọ, ẹsẹ̀ wọn sì ti ki pọ́pọ́. Ó sọ wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ní ẹ̀gún, tí òdòdó rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi bébà, Ìyàwó Sójà ló ń pè é, nítorí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án tí kò ṣẹ̀jẹ̀. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, a máa sọ pé bí òun bá tún padà wá sáyé, igi òdòdó lòun máa jẹ́, bóyá nígbà náà ọkọ òun á máa rí òun.

Ìparí ọdún 1969 ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Rédíò kéde pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú palẹ̀ ẹrù mọ́, kó máa lọ sí ìlú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ìjọba fún wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì o! Ẹni tó ti débẹ̀ kí irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n rẹ̀, tó kọ́lé síbẹ̀, tó bímọ síbẹ̀! Newtown dàrú. Àwọn kan ń ta ọjà wọn ní owó pọ́ọ́kú, àwọn kan ń sáré ọkọ̀ kiri, àwọn kan kàn jókòó sójú kan, wọ́n ń wo ilẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ kẹ́ńkẹ́ nínú abọ́ kan náà lánàá ti bẹ̀rẹ̀ sí pè wọ́n ní Alátà, orúkọ tí wọ́n fi ń pe àlejò Yorùbá, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ láti ojú ọ̀run.

Àdìgún dúró ti rédíò, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

“Ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀? Ta ló ń wú igi tó ti gbó láàrin ọ̀sẹ̀ méjì? Wọn ò mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n á kọ́kọ́ gé gbòǹgbò rẹ̀ lápá kan, kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó ta gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tuntun, kí wọ́n sì dúró de òjò? Inú ọyẹ́ tó gbẹ háúháú yìí?”

“Bàbá Ràṣí,” Àwẹ̀ró dá a lóhùn, “àwa ni wọ́n ní ká máa lọ. Wọn ò mẹ́nu ba òdòdó.”

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan òdòdó náà. Ọkùnrin tó fẹ́ gba ilé náà wá wò ó, ó yí i po, ó sì sọ pé kọnkéré lòun máa dà sí gbogbo àgbàlá, kí ọkọ̀ akẹ́rù òun lè rí ibi dúró. Àdìgún wò ó bí ẹni ń wo ejò. Láti ọjọ́ náà, ó pinnu: àwọn igi yẹn kò ní kú sábẹ́ kọnkéré. Òun a wú wọn, òun a wá ilẹ̀ fún wọn ní Gáná níbí, kí òun tó gun ọkọ̀. Ilẹ̀ wo? Ta ló máa wú wọn? Ìyẹn lòun ò tíì mọ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn sì wà nílẹ̀ tó wúwo ju òdòdó lọ. Ràṣídátù ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un. Aránṣọ ni, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, òun sì ni ojú tí bàbá rẹ̀ fi ń ríran. Ó ń fẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣàkírù, tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Tema. Bàbá Ṣàkírù tó ti kú, ará Ọ̀fà ni. Ìyá rẹ̀, Abena, Fante ni. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó máa lé Ṣàkírù lọ síbì kankan. Ó ti wá tọrọ Ràṣídátù, Àdìgún sì ti dá a lóhùn láìfọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀.

“Ọmọ dáadáa ni ọ́. N kò rí ẹ̀bi kankan lọ́rùn rẹ. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ọmọ mi sílẹ̀ ní ìlú tó lé mi. Òdòdó mi lè dúró sí Gáná. Ràṣídátù á bá mi lọ.”

“Ei, Bàbá!” Ràṣídátù ké láti inú yàrá. “Lọ síbo? Ògbómọ̀ṣọ́ tí n ò dé rí? Àwọn òyìnbó gan-an mọ Ògbómọ̀ṣọ́ jù mí lọ!”

“Bó o bá débẹ̀, wàá mọ̀ ọ́n.”

Ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn. Ràṣídátù ò bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ àfi “ẹ káàárọ̀, Bàbá”, ó sì ń kúnlẹ̀ kí i bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà. Ó dun Àdìgún dọ́kàn. Ṣùgbọ́n kàkà kó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ọkọ́ ló gbé, ó lọ bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ìdí Ìyàwó Sójà.

Ẹ̀yìn ò gbà á mọ́. Àwọn tó máa ń bá a gbẹ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, àlejò ni àwọn náà, wọ́n ti ń di ẹrù wọn. Ó gbẹ́ ẹ díẹ̀, ó mí hẹlẹ, ó tún gbẹ́ ẹ díẹ̀, ó dì mọ́ ọkọ́. Bó ṣe dúró bẹ́ẹ̀ tí òógùn ń wọ ojú rẹ̀ ni Ṣàkírù wọlé. Ẹ̀bẹ̀ ìkẹyìn ló bá wá.

“Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ n bá yín gbẹ́ ẹ.”

Àdìgún wò ó látòkè délẹ̀. Apá ọmọ náà ki bí òpó. Ọgbọ́n kan sọ sí i lọ́kàn, ó sì dùn mọ́ ọn: iṣẹ́ ni ọmọ yìí fẹ́ ṣe, ẹ jẹ́ kó ṣe é; àbí iṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní ìyàwó?

“Ìwọ nìkan ò lè ṣe é,” ló wí. “Lọ kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá. Kí wọ́n mú ọkọ́ àti àdá dání.”

Àwẹ̀ró ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Ràṣí, ṣé ohun tí ẹ fẹ́ sọ lẹ sọ yẹn?”

“Kí ló tún kù? Àbí o fẹ́ wá bá mi gbẹ́ ẹ ni?”

“Rárá o. Mo kàn béèrè ni.” Ó dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó sì lọ wo iye iṣu tó kù nínú àká. Àdìgún rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé inú rẹ̀ dùn nítorí pé òdòdó á rí ibi gbé.

Ilẹ̀ ńkọ́? Ṣàkírù ní ilẹ̀ ṣófo wà lẹ́yìn ilé tí òun àti ìyá òun ń gbé ní Tema. Àdìgún bẹ̀rẹ̀ sí wádìí bí dókítà. Ṣé omi kì í dúró síbẹ̀? Ṣé oòrùn ń débẹ̀ láàárọ̀? Ewúrẹ́ ta ló ń jẹ̀ ládùúgbò yẹn? Nígbà tí gbogbo ìdáhùn tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní ó dára. Ó bu omi rin àwọn igi náà dáadáa lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí erùpẹ̀ lè di mọ́ gbòǹgbò wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, Ṣàkírù dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kan tó yá ní èbúté, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rọ́ jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀: ọmọ Yorùbá, ọmọ Ga, ọmọ Fante, gìrìpá gìrìpá. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ìlú, ètè gbogbo wọn funfun. Àdìgún jáde sí wọn nínú agbádá àtijọ́ kan tó ti gé apá rẹ̀ kúrò, ẹ ó sì bú sẹ́rìn-ín bí ẹ bá rí i. Ọ̀gágun ni!

“Ẹ fi okùn di ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀ ná. Ẹ má gbẹ́ ẹ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀! Ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ bá nà dé, ibẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ dé. Ìwọ, má fà á! Ṣé iṣu lo rò pé ó jẹ́ ni? Ẹ gbé e láti ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọrùn gbé ìwọ náà, ṣé wàá là á já?”

Wọ́n gbẹ́ kòtò yí i po, wọ́n fi àdá gé àwọn gbòǹgbò tó gùn jù, wọ́n ti àpò ìdọ̀họ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì di í pa tòun ti erùpẹ̀ bí ẹni di ẹrù oníbàárà. Àdìgún gé ẹ̀ka orí rẹ̀ kù. Ó ní igi tí gbòǹgbò rẹ̀ dín kù, kò yẹ kó máa bọ́ ewé púpọ̀. Ó ń gé e, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó Sójà ya ọmọ Ga kan lápá, ọmọ náà fò sókè, ó sọ èdè rẹ̀, gbogbo wọn sì fi í ṣẹ̀sín títí. Ràṣídátù gbé omi jáde. Ó fún gbogbo wọn mu, ó fi Ṣàkírù ṣe ìkẹyìn, ó sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ hú ikọ́ gbígbẹ kan. Ràṣídátù ṣí kúrò.

Kí n má purọ́, inú Àdìgún dùn ṣìnkìn lọ́jọ́ náà. Ó gbàgbé ìjọba, ó gbàgbé rédíò. Nígbà tí igi tó kẹ́yìn gun ọkọ̀ akẹ́rù, ó ki ọwọ́ bọ àpò láti fún wọn ní nǹkan. Ṣàkírù dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ owó.”

“Ọmọ gidi ni ọ́ o,” Àdìgún wí, ó sì yọ ọwọ́ kúrò lápò.

Àwẹ̀ró gbé oúnjẹ jáde. Háà! Iyán funfun báláú, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, àti odidi àkùkọ ilé tó máa ń jí wọn láàárọ̀.

“Kí ló dé tó o fi pa àkùkọ?” Àdìgún bi í.

“Ṣé ẹ fẹ́ kó bá wa jókòó nínú ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni?”

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jẹun, àwọn ọmọ Ga jẹ iyán ní àjẹpọ́nnulá, wọ́n ní ó yàtọ̀ sí fùfú. Àwẹ̀ró gbé obì sínú àwo, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀. Àdìgún pa á, ó pín in, ó sì súre fún wọn. Ó ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí agbára wọn yẹ̀. Ó ní wọn ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ó ní Ọlọ́run á fún wọn ní ìyàwó rere. “Àmín!” ni Ṣàkírù ké, tí ẹyẹ fi fò lórí òrùlé.

Orí “àmín” yìí ni Bàbá Sàlàkọ́ wọlé bá wọn. Òun ni olórí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní Newtown, ó wá sọ fún Àdìgún pé ọkọ̀ wọn ti dájú. Ó wo àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọwọ́ wọn kún fún erùpẹ̀, ó wo eegun àkùkọ nínú àwo, ó wo awẹ́ obì, ó sì na ọwọ́ méjèèjì.

“Àdìgún! Ẹ kú oríire o! O wá fi irú ọ̀rọ̀ ayọ̀ yìí pamọ́ fún wa? Ọ̀wẹ̀ àna nínú ìlú tí wọ́n ti ń lé wa! Ọkùnrin ni ọ́!”

“Ọ̀wẹ̀ àna kẹ̀?” Àdìgún rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, òdòdó ni wọ́n bá mi wú.”

“Ta ló kó wọn wá?”

“Ṣàkírù yìí ni.”

“Kì í ṣe òun ló ń fẹ́ Ràṣídátù?”

“Òun ni, ṣùgbọ́n mo ti kọ̀ fún un.”

“Ó dáa. Ta ló wá ní kó kó ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ṣiṣẹ́ nílé rẹ?”

Ẹ̀rín kúrò lójú Àdìgún. “Èmi ni.”

“Ṣé wọ́n gbowó?”

“Wọ́n kọ̀ ọ́.”

“Ta ló bọ́ wọn? Ta ló pa obì? Ta ló súre? Kí lo fi súre fún wọn?”

Àdìgún yíjú sí awẹ́ obì inú àwo. Ọmọ Ga tí ẹ̀gún ya, tí kò gbọ́ ju Yorùbá díẹ̀ lọ, ló ṣàánú wọn. “Ìyàwó rere!” ló wí, ó sì tún bu iyán.

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Nílé, bí ọkùnrin bá ń fẹ́ ọmọ ènìyàn, yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí oko bàbá ọmọ náà, wọ́n á ro ó, wọ́n á kọ ebè; bàbá ọmọ á bọ́ wọn, á sì súre fún wọn. Bàbá tó bá ti jẹ́ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀ ti fọwọ́ sí i nìyẹn, kò tún sí ẹjọ́ mọ́. Àdìgún fúnra rẹ̀ padà lọ sílé lọ kọ ebè fún bàbá Àwẹ̀ró kó tó rí i fẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ti jìnnà. Ta ló ń rántí ọ̀wẹ̀ láàrin ìṣó àti àgádágodo? Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé Àdìgún yìí kan náà ló máa ń pariwo àṣà ilé sí gbogbo ènìyàn létí ní ìpàdé. Òun ló ní kí wọ́n bu owó ìtanràn lé ọmọkùnrin kan tó kí àgbà ní ìdúró. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé!

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “Àwẹ̀ró. O mọ̀.”

“Mo bi yín, Bàbá Ràṣí. Ẹ̀yin lẹ ní kí ló tún kù.”

Ó fẹ́ bínú, ìbínú ò wá. Ó rìn lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó jókòó sí etí ọ̀kan nínú àwọn kòtò tó ṣófo. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Ràṣídátù tó wá bá a. Ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ tòun ti aṣọ rẹ̀ tó mọ́.

“Bàbá, bí ẹ bá ní n má dúró, màá bá yín lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀wẹ̀ mú yín ní tipá. Ẹ̀yin ni bàbá mi.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àdìgún lára ju ti Sàlàkọ́ lọ. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

“Ràṣí, n kò kórìíra ọmọ náà. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ìlú tó lè fi ọ̀sẹ̀ méjì lé ènìyàn, ṣé ó ṣòro fún un láti ti bodè rẹ̀? Bí mo bá gun ọkọ̀ yẹn, ìgbà wo ni n óò tún fojú kàn ọ́?”

Ràṣídátù sún mọ́ ọn. Ó gbé orí lé orúnkún bàbá rẹ̀. Láti iwájú ilé, wọ́n ń gbọ́ ohùn Sàlàkọ́ tó ń sọ ìtàn ọ̀wẹ̀ tirẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, bó ṣe ṣe é lọ́dún kìíní, bó ṣe tún ṣe é lọ́dún kejì tí òjò pa wọ́n.

Àdìgún gbé orí sókè. Ó dìde, ó gbọn ìdí, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì padà síwájú ilé.

“Ẹ̀gbọ́n Sàlàkọ́, ẹ dákun, ọ̀wẹ̀ àna yìí, ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń ṣe é?”

“Ẹ̀ẹ̀kan kẹ̀? Ọdọọdún ni. Níwọ̀n ìgbà tí àna bá wà láyé.”

“Ẹ tún un sọ, kó gbọ́.”

Ẹ̀rín ti ń já lẹ́nu Sàlàkọ́. “Ọdọọdún ni o!”

“Ṣàkírù, o gbọ́. Ìwọ lo fi ọ̀wẹ̀ mú mi, mo gbà, o mú mi. Èmi náà fi mú ọ. Ọdọọdún, bí àkókò ebè bá ti tó, Ògbómọ̀ṣọ́ ni n óò ti máa wo ọ̀nà rẹ. Ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Ọ̀wẹ̀ ò sì ṣeé ṣe láìsí ẹni tó máa bá ìyá rẹ̀ gún iyán. Ràṣídátù gbọ́dọ̀ máa bá ọ wá. Ọdún tí o kò bá wá, n óò pe ìpàdé lé ọ lórí.”

Ṣàkírù ti wà nílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán. “Bàbá, mo gbà. Bí mo bá máa fẹsẹ̀ rìn ín, màá wá.”

“Ògbómọ̀ṣọ́,” ọmọ Ga náà béèrè jẹ́jẹ́, “ṣé ó kọjá Aflao ní ẹnu bodè?” Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn nítorí ẹ̀rín.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n gbin àwọn igi náà sí Tema. Abena fi omi pàdé wọn, Àdìgún sì fi odindi ìrọ̀lẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò wọ́n àti bí wọ́n ṣe ń bu omi sí wọn nídìí. Ó ní bí ewé bá rẹ̀, kí wọ́n má rò pé ó ti kú. Ràṣídátù ń túmọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ààfáà so yìgì fún un àti Ṣàkírù nínú àgbàlá tó kún fún kòtò, tí àwọn àlejò fi ń fọgbọ́n rìn kí wọ́n má bàa jìn sí i.

Nígbà tí ọkọ̀ wọn gbéra, Ràṣídátù sáré tẹ̀ lé e dé ìkóríta. Ó ń juwọ́, ó ń sunkún, ó ń pariwo, “Ó dìgbà ebè o, Bàbá! Ìgbà ebè o!” Àdìgún juwọ́ títí kò fi rí i mọ́. Ó fa fìlà bo ojú. Wọ́n ti kúrò nínú ìlú pátápátá kí Àwẹ̀ró tó rọra fi ìgùnpá gún un.

“Bàbá Ràṣí.”

“Hùn.”

“Oko wo ni wọ́n fẹ́ wá ro? Ìṣó lẹ ń tà láti ìgbà tí mo ti mọ̀ yín. Ẹ ò ní oko.”

Àdìgún ṣí fìlà kúrò lójú. Ojú náà pọ́n kankan.

“Mo mọ̀,” ló wí. “Bí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀, kí n tó wẹ̀ rárá, oko ni n óò kọ́kọ́ wá.”